Ejò Mi Ò Jẹun Láti Oṣù Kọkànlá: Ẹ Bi Mí, Kí N Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá tí mo sọ̀rọ̀ nípa ológbò, mo kàn ju gbólóhùn kan sílẹ̀ níparí pé èmi fúnra mi, ejò ni mò ń sìn nílé, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án báyìí, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa di ariwo. Ẹnì kan ní kí n wá ṣe ìtúsílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Ẹlòmíì ń bèèrè bóyá mo tiẹ̀ níyàwó. Mo ní o, ó sì ti rí ejò náà kó tó gbà. Àmọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló kọ lẹ́tà jù, àwọn tí wọ́n ń sin ejò ní kọ̀rọ̀ yàrá tí wọn ò lè sọ nílé, kí ìyá wọn má baà ké sí wòlíì.

Irú kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ń sìn, mọ́námọ́ná, èyí tí òyìnbó ń pè ní ball python torí pé tẹ́rù bá ti bà á, ńṣe ló máa ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Ejò ilé wa ni o, kì í ṣe ti òyìnbó. Tógò, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ tó múlé gbè wá ni wọ́n ti ń kó o lọ tà fún wọn látàwọn ọdún 1970, kò lóró, kì í sì í tóbi bí erè ńlá inú igbó, akọ á gùn tó bíi mítà kan, abo lè tó mítà kan àbọ̀. Mo mú lẹ́tà méje nínú wọn, mo yọ orúkọ kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Manchester ni mo wà. Akọ ni ejò mi, ó máa tó pé ọdún mẹ́ta, eku inú fíríìsà ni mo máa ń yọ́ fún un lọ́sẹ̀ méjì méjì, kò kọ̀ ọ́ rí. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń wo eku bíi pé òkúta ni mo gbé síwájú ẹ̀. Oṣù kejì la wà yìí, mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé kí n la ẹnu ẹ̀ kí n ti oúnjẹ wọ̀ ọ́? – Àbúrò yín ní Manchester

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má dán an wò, jọ̀ọ́. O máa ṣe ẹnu ẹ̀ léṣe, á bi oúnjẹ yẹn padà, lẹ́yìn ìyẹn tó bá ti rí ọwọ́ ẹ báyìí á máa sá.

Ohun tó dé bá wa ni pé nílé wa, ẹni tí ò bá ti jẹun, ara ẹ̀ ni ò yá. Ọmọdé kọ àmàlà lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ti fọwọ́ kàn án lọ́rùn wò bóyá ó gbóná. Ejò ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Ara ẹ̀ kì í dá ooru sílẹ̀ bíi tiwa, ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí ló ti ń gba ooru, torí náà oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é. Nínú igbó tí wọ́n ti wá, abo tó bá wé mọ́ ẹyin ẹ̀ lè má jẹ nǹkan kan ní bí oṣù méjì tó fi ń ṣọ́ wọn, akọ náà tí àsìkò tí wọ́n máa ń gun ara wọn bá ti dé, abo ló ń wá kiri, ọ̀rọ̀ eku ò sí lọ́kàn ẹ̀. Tìẹ, akọ ni, ó ń di géńdé bọ̀, òtútù sì mú, ilẹ̀ ń tètè ṣú lọ́hùn-ún, kí lo wá rò pé ó máa ṣe? Èmi ní ọ̀kan tó gbààwẹ̀ oṣù márùn-ún gbáko, lọ́jọ́ tó máa ṣínu, ńṣe ló já eku gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Síkéèlì ló máa jẹ́ kó o rí oorun sùn, kì í ṣe eku. Ra èyí kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà, kó jẹ́ ti ejò nìkan o, má gbé ti ìyàwó ilé. Máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó o sì kọ ọ́ sínú ìwé, ọjọ́ tó jẹun kẹ́yìn, ọjọ́ tó yàgbẹ́, ọjọ́ tó bọ́ awọ, gbogbo ẹ̀. Ká ní gíráàmù 1,200 ló wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, tó bá ṣì wà ní 1,160 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbé orí lé pílò. Tó bá já wálẹ̀ dé 1,080, ìdá kan nínú mẹ́wàá ara ẹ̀ ti lọ nìyẹn, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, bèèrè lórí fóònù kó o tó lọ. Fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹ̀ náà wò. Tí eegun ẹ̀yìn bá ti yọ ṣonṣo bí òrùlé, tí awọ ẹ̀gbẹ́ ń rọ̀ wọjọ, má dúró de síkéèlì.

Lẹ́yìn náà wo ooru àpótí ẹ, torí mo lè búra pé ìdajì lẹ́tà tí mò ń gbà lórí ọ̀rọ̀ àìjẹun, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀gbẹ́ tó gbóná, dígírì 31 sí 33. Ẹ̀gbẹ́ tó tutù, 24 sí 27. Tẹmọ́mítà méjì, ọ̀kan níhìn-ín ọ̀kan lọ́hùn-ún, má fọwọ́ ẹ díwọ̀n o. Máàtì tó ń gbóná gbọ́dọ̀ ní thermostat, ìyẹn ohun tó máa ń pa á tó bá ti gbóná tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè jó o níkùn, ejò kì í sì í tètè sá kúrò lórí ohun tó ń jó o, mi ò mọ̀dí ẹ̀ ṣùgbọ́n mo ti rí i. Kí ibi ìfarapamọ́ méjì wà níbẹ̀, kékeré, tí ara ẹ̀ máa fi kan ògiri yíká, torí inú ihò eku àti inú ògán ni wọ́n ń gbé nílé, tó o bá gbé e sínú gíláàsì gbalasa tí gbogbo èèyàn ń kọjá lọ kọjá bọ̀, oúnjẹ ò ní wù ú.

Eku náà ńkọ́? Mọ́námọ́ná ní àwọn ihò kéékèèké kan létè òkè tó fi ń mọ ibi tí ooru wà, eku tó tutù kì í ṣe oúnjẹ lójú ẹ̀. Yọ́ ọ nínú fíríìjì mọ́jú, kó wà nínú ike tó yàtọ̀, lẹ́yìn náà dì í sínú nylon kó o rì í bọ omi gbígbóná títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tó wà láàyè. Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa ni kó o tó gbé e fún un, pẹ̀lú ẹ̀mú gígùn. Tó bá kọ̀, fi sílẹ̀ níbẹ̀ kó o paná, tó bá dàárọ̀ kó o gbé e dànù, kó o má sì tún gbé òmíì wá títí ọ̀sẹ̀ méjì. Gbígbé e wá lójoojúmọ́ yẹn ló ń dá kún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ojú ejò mi ti di búlúù, bí ojú màmá àgbà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ara ẹ̀ ṣú, abẹ́ ẹ̀ pọ́n, àná mo nawọ́ sí i ó fẹ́ bù mí ṣán. Àbí ó ti fọ́jú ni? – Ìyá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, aṣọ ló fẹ́ pààrọ̀. Ejò ò ní ìpéǹpéjú, ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara ló bo ojú ẹ̀, ìpẹ́ yẹn sì máa ń bá awọ yòókù bọ́ ni. Omi kan ló máa ń wọ àárín awọ àtijọ́ àti tuntun, òun ló sọ ojú di búlúù. Kò ríran dáadáa lásìkò yìí, ìyẹn ló fi ń bínú, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí wọ́n fi aṣọ bo ojú yín kí ẹnì kan wá máa fà yín lápá. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ. Tó bá tó bí ọjọ́ mélòó kan ojú á padà mọ́, ẹ̀yin á rò pé ó ti tán, ìgbà yẹn gan-an ló wá kù díẹ̀ kó bọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni awọ tó bọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó jáde lódindi, kó yí inú síta bí ìbọ̀sẹ̀ téèyàn fà bọ́ láti òkè. Ẹ wo ibi ojú méjèèjì bóyá ó bá a jáde, ẹ wo ṣóńṣó ìrù. Tó bá já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, afẹ́fẹ́ inú àpótí ló gbẹ jù, hítà ìlú òyìnbó yẹn ló ń fa gbogbo omi mu. Ọ̀rinrin yẹ kó wà láàárín 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ gbé e dé 70 tó bá fẹ́ bọ́ awọ. Ẹ fi ike kan tẹ́ ẹ dá ihò sí lára, tí táwẹ́lì tútù wà nínú ẹ̀, sí àpótí, á wọlé fúnra ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sí ìrù, ẹ má fi sílẹ̀ títí, ó lè fún ìrù pa. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sójú, ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, kì í ṣe èékánná, kì í ṣe ẹ̀mú. Dókítà nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Láti ọjọ́ mẹ́ta, inú abọ́ omi lejò mi ń gbé láàárọ̀ lálẹ́. Ṣé ooru ń mú un ni? – Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ ooru, ẹ yẹ tẹmọ́mítà wò. Ó lè jẹ́ awọ ló fẹ́ bọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi tíṣù funfun nu ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú omi náà: tẹ́ ẹ bá rí nǹkan dúdú bíńtín bíńtín bí orí abẹ́rẹ́, tó ń rìn, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò nìyẹn, ejò yẹn fẹ́ rì wọ́n sómi ni. Àyíká ojú àti ihò abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n máa ń sá sí. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ àpótí dànù, ẹ tẹ́ pépà lásán, ẹ gba oògùn lọ́dọ̀ dókítà. Mo mọ àwọn èèyàn mi, ẹ má fọ́n òtapiapia sí i o, ejò yẹn máa bá kòkòrò lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Houston la wà. Ejò ọmọ wa ń mí, ó ń dún fíì, fíì, fóòmù díẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀, ó ń gbé orí sókè tó bá dùbúlẹ̀, nígbà míì ẹnu ẹ̀ á là díẹ̀. Ó ṣì jẹun lọ́sẹ̀ tó kọjá o. Ọkọ mi ní ọ̀fìnkìn ni, ká fi Robb kan imú ẹ̀. – Ìyá Tóyìn

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóyìn, ẹ gbé Robb sílẹ̀, ẹ gbé fóònù. Ẹ pe dókítà ẹranko lónìí.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo lẹ́tà tí mo gbà, ẹni tí ejò ẹ̀ ń gbààwẹ̀ ló ń sunkún, ẹni tí ejò ẹ̀ ò lè mí dáadáa ló ń bèèrè jẹ́jẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ìdàkejì ló yẹ. Ejò ò ní iṣan tó pààlà àárín àyà àti ikùn bíi tiwa, èyí tá a fi ń wúkọ́, kò lè wúkọ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Ìdí tó fi ń na orí sókè nìyẹn, ó ń wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé, kì í ṣe pé ó ń wo sílìǹ. Ó sì lè máa jẹun lọ nínú ìyẹn, torí ejò mọ àìsàn fi pamọ́, ẹranko tó bá fi hàn nínú igbó pé òun rẹ̀, àwọn mìíì á fi í ṣoúnjẹ.

Èmi náà pàdánù ọ̀kan lọ́nà yìí ní 2018. Mo gbọ́ fíì yẹn, mo ní ó máa lọ, mo tún dúró títí owó oṣù fi wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Nígbà tí dókítà máa fi ya fọ́tò inú ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹ̀bi mi ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo mọ́ yín lórí báyìí, ẹ má bínú.

Dókítà lè fi òwú gba díẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn lọ yẹ̀ wò, torí ó lè jẹ́ bakitéríà, ó sì lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn yàtọ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró láàárín torí pé ara ẹ̀ ti dà bíi pé ó yá. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ooru ẹ̀gbẹ́ tó gbóná wà ní 32, kí ilẹ̀ àpótí gbẹ. Tí ejò mìíì bá wà nílé, ẹ yà wọ́n, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó kan èkejì. Robb nínú àpótí tó pa dé ni, àyà ẹ̀ ni ẹ máa tún fi ata sí.

Kí n tètè fi kún un kí àwọn tó kù má baà gba ọ̀nà ọsibítù lásán: tí ejò bá yán lẹ́yìn oúnjẹ, tó la ẹnu gbàgà bí ẹni tí oorun ń kùn, egungun àgbọ̀n ló ń tò padà sáyè. Tẹ́ ẹ bá dẹ́rù bà á tó mí fùùù, ó ń bínú ni. Tó bá ń súfèé fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó fẹ́ bọ́ awọ, tí ìró yẹn sì tán lọ́jọ́ tó bọ́ ọ, awọ ló dí i nímú. Àmọ́ fóòmù lẹ́nu, ẹnu tó là sílẹ̀, ìró nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ìyẹn ò ní àlàyé mìíì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àgbà bọ̀ wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Abo ni tèmi, ó dá wà, àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Ṣé kí n ra ìkejì kí wọ́n jọ máa gbé? – Ọmọ Èkìtì ní Leeds

ÌDÁHÙN: Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Ẹni tó pa òwe yẹn, èèyàn ló ń bá wí. Oká síwájú, paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ló rí i rí? Bí wọ́n bá tiẹ̀ pàdé, ẹnì kan máa di oúnjẹ.

Mọ́námọ́ná kì í wá ẹlẹgbẹ́ àfi lásìkò tí wọ́n máa ń gun ara wọn. Tẹ́ ẹ bá kó méjì sínú àpótí kan, ẹ máa rí wọn tí wọ́n gorí ara wọn, ẹ̀yin á ya fọ́tò, ẹ̀yin á ní ìfẹ́ ni. Ibi tó gbóná ni wọ́n ń jà lé lórí. Èyí tó lágbára á gba ibẹ̀, èkejì á máa rù, tí ọ̀kan bá bì tàbí tó yàgbẹ́ tí ò dára, ẹ ò ní mọ èwo ni. Ẹ jẹ́ kó dá wà. Ọ̀kan wà ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, ọdún 1961 ló débẹ̀, lóṣù keje ọdún 2020 ló yé ẹyin méje, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà yẹn, kò sì sí akọ kankan nítòsí ẹ̀ fún ó kéré tán ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti ilé lásán náà máa ń lo ogún ọdún sí ọgbọ̀n. Ẹ ro ìyẹn náà kẹ́ ẹ tó ra ìkejì, ṣé ẹni tẹ́ ẹ máa fẹ́ máa gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ejò tí mo rà ń gbọn orí, ó ń yí i po bí ẹni tó mutí, tó bá fẹ́ gbé eku ó ń ṣì í. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. – Ọmọ Ìbàdàn, Atlanta

ÌDÁHÙN: Ẹ wo àwọ̀ ara ẹ̀. Tó bá ní ìlà tíńrín tíńrín bí òwú aláǹtakùn, irú tí wọ́n ń pè ní spider nìyẹn. Àwọn tó ń sìn wọ́n fún títà ló wá àwọ̀ yẹn torí ó lẹ́wà, ohun tó ń fún un ní àwọ̀ náà ló ba inú etí ẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ sì ni ara ti ń mọ bó ṣe máa dúró. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kò ní oògùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń jẹ ń mu, ẹ má jẹ́ kó bímọ ni tèmi. Mo rò pé ìwà ìkà ni títà wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyẹn. Àmọ́ tí kì í bá ṣe spider, tàbí tí kò gbọn orí tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀ tí kò lè yí ara ẹ̀ padà, ó lè jẹ́ ooru àpọ̀jù, májèlé, tàbí fáírọ́ọ̀sì tó ti dé ọpọlọ. Ẹ sáré.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí. Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù karùn-ún, ìyá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá wẹ ọmọ. Wọ́n ti gbọ́ nípa ejò. Wọ́n ní àwọn ò lè bá ejò sun ilé kan, yálà kó kúrò tàbí kí àwọn má wá. Ṣé ewu tiẹ̀ wà fún ọmọ lóòótọ́? – Bàbá Ọmọ Tuntun, Thamesmead

ÌDÁHÙN: Ewu wà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí màmá ń rò. Mọ́námọ́ná tó mọ níwọ̀n kò ní gbé ọmọ mì. Salmonella ni wàhálà, bakitéríà tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ejò tí ara òun fúnra ẹ̀ yá gágá. Àgbàlagbà á ṣunú, á tán, ọmọ tuntun lè dèrò ọsibítù. Kódà ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ò yẹ kó fọwọ́ kan ejò rárá, ẹ jẹ́ kí aboyún náà yàgò fún fífọ àpótí. Nǹkan ejò kankan ò gbọ́dọ̀ wọ kíṣìnì, eku ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ẹja màmá. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má wẹ ejò nínú báàfù tàbí báásíìnì tí màmá fẹ́ fi wẹ ọmọ, láéláé. Kí àpótí ní kọ́kọ́rọ́, ejò yẹn lágbára láti ti ìdérí, kí ilẹ̀kùn yàrá náà wà ní títì.

Èmi sọ fún ìyá mi nígbà yẹn pé ní Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, ilé òòṣà kan wà tí wọ́n ń sin mọ́námọ́ná sí, òòṣà Dangbe, ṣọ́ọ̀ṣì àgùdà ńlá ló dojú kọ ọ́, tí ejò bá jáde lóru tó wọ ilé onílé, wọ́n máa rọra gbé e padà ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa á. Mo rò pé ó máa rọ̀ wọ́n lójú. Ìyá mi ní, “Kí ìwọ náà gbé tìẹ lọ bá wọn níbẹ̀.” Torí náà mi ò lè ṣèlérí fún ẹ.

Tí màmá bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ ejò sìn kẹ́ ẹ gbé e fún un fún oṣù mẹ́ta. Ejò ò ní ṣàárò yín, ó kàn lè gbààwẹ̀ díẹ̀ torí ilé tuntun. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí pépà lẹ̀ mọ́ àpótí, kí ẹni tó gbà á mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.